Kámẹ́rà Tó Máa Jáde Nílé Ni Ká Rà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yìí ti fẹ́ di ìjà láàrin wa, wọ́n sì máa ń sọ pé ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò ní dákẹ́. N ó sọ tèmi ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀yìn ìpàdé ni mo ti ń ráhùn.

Fún ẹni tí kò sí níbi ìpàdé tó kọjá, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà báyìí, dáwó jọ láti ra kámẹ́rà kan fún ẹgbẹ́. Wọ́n ní owó náà tó dọ́là 6,300, ká kọ ohun tí a bá fẹ́ ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe yé gbogbo wa: a fẹ́ lọ gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn, ohùn wọn àti ojú wọn, ká sì rí fọ́tò tiwa fi sínú ìwé yìí. A ti fẹnu kò lórí ìyẹn. Kí ni ìgbìmọ̀ wá kọ sílẹ̀? Canon EOS R1! Èmi dárúkọ R8, wọ́n ní kámẹ́rà akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ẹ gbà mí o! Kí wá ni àwa? Ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n ni wá ni?

Ẹ̀gbọ́n wa akọ̀wé tó sọ gbólóhùn yẹn, mo dọ̀bálẹ̀, mi ò bú yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Canon ló ṣe àwọn méjèèjì. Méjèèjì ni kò ní dígí nínú bíi ti àwọn kámẹ́rà ìṣáájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní mirrorless. Méjèèjì ni wọ́n ń pè ní full-frame, ìyẹn ni pé sẹ́ńsọ̀ wọn, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, fẹ̀ tó ojú fíìmù táwọn bàbá wa ń lò, mìlímítà 36 sí 24. R8 jáde ní 2023, dọ́là 1,499 ni wọ́n dá lé e nígbà náà. R1 jáde ní 2024, òun ni ọ̀gá pátápátá láàrin wọn, dọ́là 6,299 ni wọ́n dá lé tirẹ̀ nígbà tó jáde. Kò sì sí lẹ́ńsì lára rẹ̀ o, ara lásán ni. Ní iye tí wọ́n fi jáde yẹn, owó R1 kan á ra R8 mẹ́rin, á tún ku dọ́là 303.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín nìyí. Iye megapixel tó wà nínú fọ́tò R1 àti èyí tó wà nínú ti R8, ọgbọọgba ni! 24.2 ni ti ibí, 24.2 ni ti ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tẹ fọ́tò sórí odindi ojú ewé A4 kó sì mọ́ kedere, megapixel 9 ti tó o. Ìwé tiwa wá ńkọ́? Fọ́tòkọ́pì ni, dúdú àti funfun. Ẹ lọ wo àwòrán Ààrẹ wa nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n rí á rò pé ìdí ìkòkò la yà. Ẹ má bínú o, Ààrẹ.

Kí ló wá mú R1 wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Mi ò ní purọ́ pé orúkọ lásán ni. Iṣẹ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ń yàwòrán láìpariwo, tí kò lo ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dún kátá nínú rẹ̀, ṣe ló máa ń ka ìmọ́lẹ̀ orí sẹ́ńsọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. R8 ń kà á, kò yára tó. Kó tó kà á dé ìsàlẹ̀, nǹkan tó ń sáré ti kúrò níbi tó wà, àwòrán á wọ́. Ọ̀pá onígángan á tẹ̀ bí ọrun. Iná LED inú gbọ̀ngàn míì á fi ìlà dúdú sójú ìyàwó. Sẹ́ńsọ̀ ti R1 ń kà á kíákíá, wàhálà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a. Méjèèjì lè ya fọ́tò 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n 40 ti R1 ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju 40 ti R8 lọ. Mo gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ ya Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá mítà 100 tó sì ń fo igi lọ ní Eugene ní 2022, kó lọ ra R1, mi ò bá a jà. Ẹni náà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, á sì fi owó iṣẹ́ san án padà. Àmọ́ ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń sun ẹkún ìyàwó, ibo ló ń sáré lọ? Bí a bá jẹ́ kí ìlẹ̀kùn kékeré R8 máa dún kátá, àwòrán kò ní wọ́ mọ́, mẹ́fà ló sì máa yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́fà! Ojú mélòó ni ìyá náà fẹ́ ṣe láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo?

R8 ní àléébù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi pá mi lórí. Káàdì kan ṣoṣo ló ń gbà, bí káàdì bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn. Nítorí náà a ó máa pààrọ̀ káàdì lẹ́yìn ìyá kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa dà á sórí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bátìrì rẹ̀ kéré, a ó ra mẹ́ta sí i. Kò ní ohun tó ń dá gbígbọ̀n ọwọ́ dúró nínú ara rẹ̀ bíi ti R1, a ó gbé e lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kò le bíi R1, bí òjò bá dé a ó fi ọ̀rá bò ó. Ó ní ihò máìkì, ó ní ihò tí a ó fi máa gbọ́ ohùn, ó sì lè gba fídíò fún wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Gíráàmù 461 péré ló wúwo pẹ̀lú bátìrì àti káàdì. R1, 1,115. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun ọ̀kadà wọ abúlé rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ wá jẹ́ n sọ bó ṣe máa rí bí R1 bá dé. Gbogbo wa á gbé e kọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fi fóònù ya ara wa. Ẹnì kan á wá béèrè pé, "Ta ló fẹ́ gbé eléyìí lọ Ìsẹ́yìn? Bí wọ́n bá gbà á lójú ọ̀nà ńkọ́?" Ó tán! Wọ́n á tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì kan, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà á sì lọ lo ìsinmi. Lẹ́tà la ó máa kọ ká tó fojú kàn án. Mi ò sì dá ẹni tó bá tì í pa lẹ́bi. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, ta ló fẹ́ fọ́ nǹkan tó tó dọ́là ẹgbẹ̀rún mẹ́fà?

Ìgbà tí wọ́n bá fi máa fọwọ́ sí lẹ́tà náà, ìyá tí à ń lọ bá lè ti di olóògbé. Èyí gan-an ló ń dùn mí. Àwọn tó sun ẹkún yìí lóòótọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi ilé bàbá wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sí ọ̀dọ̀ ìyá láti gba ìre, ti darúgbó. Alága ìjókòó àti DJ làwọn ọmọ wọn fi ṣe ìgbéyàwó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ, oríkì tó wà lẹ́nu rẹ̀ bá a lọ nìyẹn, ẹ̀dà rẹ̀ kò sí ní láíbìrì wa. Ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá jáde ní 1966, a ṣì ń kà á di òní. Ta ló béèrè irú ohun èlò tó lò?

Ẹ wo fọ́tò ìbejì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1978. Ní Ìlá Ọ̀ràngún nígbà náà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, Táyé àti Kẹ́yìndé á sì jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ irú aṣọ ti olóògbé fún alààyè, wọ́n á tún un yà. Sẹ́ńsọ̀ wo ló kọ́ wọn nìyẹn? Wọ́n mọ ohun tí ìyá ìbejì ń wá ni.

Kí n tó gbàgbé, àwọn kan ní fóònù ti tó. Èmi ò bá wọn jà, wọ́n sún mọ́ mi ju àwọn ọlọ́ba R1 lọ. Àmọ́ ẹ fi fóònù gba fídíò wákàtí kan nínú ìyàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, kí ẹ wá sọ bó ṣe rí fún mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Bí a bá ra R1 ní iye tó fi jáde, dọ́là kan ló máa ṣẹ́kù nínú 6,300 yẹn. Dọ́là kan! Lẹ́ńsì ńkọ́? Káàdì ńkọ́? R1 kì í gba SD tí gbogbo wa mọ̀, CFexpress Type B ló ń jẹ, owó rẹ̀ sì ju ti SD lọ fíìfíì. Kọ́sítọ́ọ̀mù náà wà níbẹ̀. Ohun tí a máa ní ni kámẹ́rà ọba tí kò lójú. Bí a bá ra R8 pẹ̀lú lẹ́ńsì kékeré mìlímítà 50 tí Canon gbé jáde ní 2020 ní dọ́là 199, ní iye tí àwọn méjèèjì fi jáde, dọ́là 4,602 ló ṣì wà lọ́wọ́ wa. A ó mú máìkì gidi níbẹ̀, bátìrì, káàdì, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, owó ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìrìn àjò, àti owó tí a ó fún àwọn ìyá wọ̀nyẹn lọ́wọ́. Àbí ọ̀fẹ́ la fẹ́ máa gbọ́ ohùn wọn ni?

Ìpàdé di Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ R1, kó mú orúkọ lẹ́ńsì tó máa fi sí i wá, kó mú owó rẹ̀ dání, kó sì sọ fún wa ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé e wọ ọkọ̀ Ìsẹ́yìn.