Ẹ Má Ju Bíréékà Ọlọ́wọ́ Nù

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2015, ọ̀gbẹ́ni kan wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná kan ní ìwọ̀-oòrùn Ukraine. Ló bá rí i tí ọfà ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń rìn fúnra rẹ̀. Kò sì fọwọ́ kan máòsì o. Ọfà yẹn ń pa bíréékà lọ́kọ̀ọ̀kan, iná ń lọ ládùúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó fẹ́ gba máòsì rẹ̀ padà, kọ̀ǹpútà tì í síta. Wọ́n ti yí páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ iná mẹ́ta ni àwọn hákà náà kọlù lọ́jọ́ yẹn. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 225 oníbàárà ló bára wọn nínú òkùnkùn, nínú òtútù. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, iná ò dúró de hákà kó tó lọ.)

Ímeèlì tó gbé fáìlì dání ni wọ́n fi wọlé. Ẹnì kan ṣí i, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ oṣù gbé inú ilé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ní firewall níbẹ̀ o! Firewall àti páásìwọ́ọ̀dù yìí náà sì ni gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì: bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Ta ló ń kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe nígbà tí olè bá ti wọlé tán?

Àwọn òṣìṣẹ́ Ukraine mọ̀ ọ́n. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ sí àwọn ibùdó iná, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tan bíréékà padà. Láàárín wákàtí mẹ́fà, iná ti dé. Àwọn hákà ti ba àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé àṣẹ kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ bíréékà jẹ́, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n iná wà.

Ẹ wá wo iṣẹ́ àkànṣe tí àwa ará ìpele àṣekágbá ń ṣe. Ẹni yìí ń fi fóònù tan ẹ̀rọ omi, ẹni tọ̀hún ń fi fóònù ti géètì. Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan pé níbo ni swíìṣì ọlọ́wọ́ wà, ó ní ìyẹn ti di ayé àtijọ́. Ẹnìkan lè sọ pé swíìṣì náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni burúkú. Òótọ́ ni, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ṣùgbọ́n kó wà, kí àwọn tí yóò lò ó sì máa fi dánra wò.

Tèmi náà ò ní in tẹ́lẹ̀. Mo ti fi ọ̀kan sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà wò ó títí, ó ní kí nìyẹn ń wá níbẹ̀.