Iyọ̀ Oògùn Kì í Ṣe Orúkọ Lásán

"Iyọ̀ máa ń jẹ́ kí oògùn tètè yòrò." Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ iyọ̀ oògùn fún wa ní kíláàsì. A kọ ọ́ sílẹ̀, a há a sórí, a fi gba máàkì. Àwa ò gbà pé ó parí síbẹ̀.

Ẹ wo ranitidine hydrochloride, oògùn ọgbẹ́ inú tí ayé mọ̀ sí Zantac. Lọ́dún 1980, àwọn onímọ̀ Glaxo rí i pé iyọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ yọ sí wọn ní ìrísí mìíràn: mólékù kan náà, kílóráídì kan náà, àmọ́ ìtò kírísítà rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n pe ti àtijọ́ ní Form 1, tuntun ní Form 2, wọ́n sì gba páténtì mìíràn lórí tuntun. Glaxo gbé Novopharm ará Kánádà lọ sí kóòtù ní Amẹ́ríkà, Novopharm sì ní ẹni tó bá tẹ̀lé ìlànà páténtì àkọ́kọ́, Form 2 náà ló máa rí. Ó pàdánù lọ́dún 1993. Ó wá yí padà, ó ní Form 1 lòun máa ṣe. Ìyẹn ló jàre. Ẹjọ́ olówó ńlá, lórí bí mólékù ṣe tò!

Kí ló ń tò wọ́n? Náítírójìn kan lára ranitidine ti gba háídírójìn kún ara rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí kílóráídì. Àwọn N–H yòókù náà ń wá ohun tí wọ́n máa dì mú. Ẹni tó bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí mọ̀ pé èèyàn mẹ́fà kan náà lè tò sí yàrá kan lọ́nà méjì, kí ọ̀kan rọrùn, kí èkejì di ìjà.

Wọ́n máa ní a ò ní ẹ̀rọ X-ray. Ṣé a ní NMR tó ń ṣiṣẹ́ ni? Síbẹ̀, ọdọọdún lẹ ń bi wá ní ìbéèrè NMR! Ọ̀fẹ́ ni Crystallography Open Database, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀yà Mercury tó tó wa lò, láǹtóòpù tí a fi ń wo fíìmù sì lè gbé e.

Àwa la máa yẹ ìyẹ̀fun oògùn wò lọ́la. Páálí á sọ "hydrochloride" fún wa, kò ní dandan sọ irú ìtò tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré la ń bèèrè nínú kọ́ọ̀sì yìí, àti ìbéèrè kan nínú ìdánwò. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn, ẹ bá wa kọ̀wé sí ẹ̀ka náà kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀.