Ẹ Má Tíì Dáná Sun Àwòrán Màmí Wọ́tà Yẹn

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ gbé Èkó, Bàdágìrì tàbí Kútọnu láyé àtijọ́, ẹ ó rántí àwòrán kan tí wọ́n máa ń tà lọ́jà. Obìnrin kan ni, irun rẹ̀ pọ̀ lọ súà, ejò lọ́ mọ́ ọn lára. Màmí Wọ́tà ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan gbé e kọ́ sí pálọ̀, àwọn mìíràn gbé e sí ojúbọ. Lóde òní, bí àwọn ọmọ bá bá a nínú ẹrù bàbá tó ti kú, iná ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ sí, torí pásítọ̀ ní ẹ̀mí èṣù ló wà nínú rẹ̀. N kò bá pásítọ̀ kankan jà o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sun ká tó ṣáná sí i.

Ilé ìtẹ̀wé Friedländer ní ìlú Hamburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láàrin ọdún 1880 sí 1890, láti fi polówó obìnrin kan tó ń fi ejò dárà. Nígbà tó fi di 1901, wọ́n ti gbẹ́ ère láti ara rẹ̀ ní Bonny. Ní 1955, ilé iṣẹ́ Shree Ram ní Bombay, tí à ń pè ní Mumbai báyìí, tún un tẹ̀ ní ẹ̀dà 12,000, ínṣì 10 sí 14. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí òkun nínú àwòrán náà rárá, kò sì sí ìrù ẹja. Àwọn ará etíkun ló fi ọkàn ara wọn parí ohun tí ará Jámánì bẹ̀rẹ̀. Ní 2008, Fowler Museum ní Los Angeles ṣe àfihàn ńlá lórí iṣẹ́ ọnà Màmí Wọ́tà.

Bí ọ̀kan bá wà nílé yín, ẹ má sáré tà á fún ẹni tó kàn wá béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú dígí tó ń mú kí nǹkan tóbi lójú. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ àmì róbótó kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ ìgbàlódé ló tẹ̀ ẹ́. Bí àmì náà bá rí jákujàku, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ wo etí ìwé nísàlẹ̀ pẹ̀lú, bóyá orúkọ ilé ìtẹ̀wé wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí àwọn kápẹ́ńtà tó ń gé etí àwòrán kó lè bá férémù mu! Bí wọ́n bá ti gé e, iye rẹ̀ ti já wálẹ̀.

Ẹ má kọ́ ọ síbi tí oòrùn ti ń tàn sí i, torí oòrùn a máa ṣá àwọ̀. Ògiri tó ń mu omi lásìkò òjò kò dára fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín ìdáná. Ẹ má jẹ́ kí gíláàsì lẹ̀ mọ́ ìwé náà. Bó bá ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sọ ìwé di rúsúrúsú. Aṣọ tútù ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Ẹ sì máa tú ẹ̀yìn férémù wò lóòrèkóòrè nítorí ikán.

Bí ìgbàgbọ́ yín kò bá gbà á nílé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó súnmọ́ yín. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó ni ín fún wọn, àti ọjà tó ti rà á, kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀.