Páálí Kì í Kọrin

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ni àwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni òwe náà ń bá wí, kì í ṣe ọjà. Ẹni tí ó bá fi ojú tí a fi ń wo àlejò wo ohun tí ó fẹ́ rà, owó aṣọ ni yóò san, ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ yóò sì yà á lẹ́nu nígbà tí ó bá délé. Irú àṣìṣe yìí ti gbilẹ̀ láàrín àwọn onígìtá òde òní nípa àwọn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní pẹ́dà. Wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí ó yẹ kí á máa di pẹ́dà sí: àwọn kan fẹ́ àpótí pákó, àwọn kan fẹ́ àpò àrán, àwọn mìíràn fẹ́ páálí aláwọ̀ mèremère. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó ń béèrè ohun tí ó yẹ kí páálí náà sọ.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ó yẹ kí ẹni tí kò mọ pẹ́dà mọ̀ ọ́n. Àpótí irin kékeré ni, tí í máa wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ onígìtá. Okùn láti ara gìtá wọ inú rẹ̀, okùn mìíràn sì jáde lọ sí ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè. Bí onígìtá bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá yóò yí padà: òmíràn a mú kí ohùn náà há, òmíràn a máa dá a padà bí gbohùngbohùn inú àpáta, òmíràn a sì mú kí ó máa ké wáà-wáà bí ọmọ tí ń sunkún.

Ní 1962 ni ilé-iṣẹ́ Gibson ti Amẹ́ríkà gbé Maestro Fuzz-Tone jáde, èyí tí ń mú ohùn gìtá há. Ní 1965, ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ó nínú orin wọn, Satisfaction, àwọn onígìtá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ náà kiri. Ta ni ó béèrè páálí rẹ̀ nígbà náà? Etí ni ó ta ọjà náà, kì í ṣe ojú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Boss ti Jàpáánù gbé àwọn pẹ́dà kékeré tirẹ̀ jáde ní 1977, ẹ̀rọ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 13, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 7, olúkúlùkù ni ó ní àwọ̀ tirẹ̀, kí onígìtá lè tètè mọ èyí tí òun fẹ́ tẹ̀. Àwọ̀ yẹn wúlò, nítorí ara ẹ̀rọ ni ó wà, kì í ṣe ara ohun tí a óò sọ nù.

Àwọn tí ń gbè lẹ́yìn àpótí olówó ní àwíjàre mẹ́ta. Èkíní: ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á, ẹni tí ó bá ra ohun iyebíye kò yẹ kí ó gbà á nínú páálí bí ẹni gba ọṣẹ. Èkejì: àpótí líle ní í dáàbò bo ẹ̀rọ lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta: ẹni tí ó bá fẹ́ ta pẹ́dà rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ yóò rí owó gidi gbà bí páálí rẹ̀ bá ṣì wà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò múlẹ̀.

Iyì tí wọ́n ń sọ yìí, owó ta ni wọ́n fi rà á? Owó olùrà kan náà ni. Ilé-iṣẹ́ Electro-Harmonix ti New York, tí Mike Matthews dá sílẹ̀ ní 1968, ti fi àpótí pákó ta pẹ́dà Big Muff rí. Àpótí náà dára lójú, ó sì wúlò láti kó ìṣó sí. Nígbà tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ kékeré, páálí ni wọ́n fi dì í, gìtá kò sì tìtorí èyí dákẹ́.

Ní ti ààbò, ẹ̀rọ tí a ṣe kí bàtà lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lálaalẹ́, kí ni yóò fi àpò àrán ṣe? Àwọn bọ́tìnnì tí a ń yí lórí rẹ̀ nìkan ni ó lè tètè ṣẹ́, páálí líle tí ó bá a mu rẹ́gí, tí kò jẹ́ kí ó máa mì nínú, sì ti tó fún wọn. Àpótí ńlá tún ń dá gbèsè mìíràn sílẹ̀: àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹrù a máa wo ààyè tí ẹrù gbà, wọn kì í wo ìwúwo rẹ̀ nìkan. Olùrà tí ó wà ní Èkó tàbí Kánò ń san owó ọkọ̀ fún afẹ́fẹ́. Ìyá olóbì gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé ni ó fi ń bo obì, kì í ṣe nítorí ẹwà ewé, bí kò ṣe kí obì má baà gbẹ.

Ní ti títà padà, òótọ́ ni pé àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ a máa sanwó lé páálí. Ṣùgbọ́n ọjà akóhunjọ nìyẹn, kì í ṣe ọjà olórin. Ẹni tí ó fi pẹ́dà pamọ́ sínú àpótí kí iye rẹ̀ má baà dínkù dà bí ẹni tí ó ra dùndún, tí ó gbé e kọ́ ara ògiri: ó ní ìlù, kò ní ijó.

Kí wá ni iṣẹ́ páálí? Kí ó dáàbò bo ẹ̀rọ, kí ó sì sọ òótọ́ nípa iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹwà. Ọ̀pọ̀ pẹ́dà ń jẹ iná fólítì 9 tí ń ṣàn gba apá kan bíi ti bátìrì, tí àmì ìyọkúrò (−) wà láàrín ẹnu okùn iná. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé àmì ìròpọ̀ (+) ni ó wà láàrín. Pẹ́dà DL4 tí ilé-iṣẹ́ Line 6 gbé jáde ní 1999 ń jẹ iná fólítì 9 tí ń lọ tí ń bọ̀. DL4 MkII tí wọ́n gbé jáde ní 2022 ń jẹ fólítì 9 tí ń ṣàn gba apá kan. Orúkọ kan náà, iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ẹni tí ó bá fi iná èkíní bọ èkejì lẹ́nu lè pàdánù rẹ̀ kí ó tó kọ orin kan parí.

Ewu náà tún pọ̀ sí i fún olórin Nàìjíríà. Iná ilé rẹ̀ jẹ́ fólítì 230, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Jàpáánù sì jẹ́ 100. Ọ̀pọ̀ ohun èlò orin tí ń dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú ẹgbẹ́ olórin ni ó jẹ́ tòkunbọ̀, tí páálí àti ìwé ìlò rẹ̀ ti sọnù sí òkè òkun. Bí a bá ki ádápítọ̀ tí a ṣe fún fólítì 120 nìkan bọ ògiri ní Ìbàdàn, èéfín ni yóò dáhùn, owó tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń tu jọ láti ọjọ́ pípẹ́ yóò sì jóná lójú rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí páálí bá sọ, kí ara ẹ̀rọ àti ara ádápítọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú, ní lẹ́tà tí ojú lè rí: iye fólítì, irú iná, ibi tí (+) àti (−) wà, àti iye mílíáńpù. Kí wọ́n sì fi kún un pé, bí bátìrì bá wà nínú pẹ́dà, kí onígìtá yọ okùn gìtá kúrò nígbà tí eré bá parí, nítorí okùn tí a fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ ní í jẹ bátìrì tán.

Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹgà ní í sọ pé ẹgà ń pàtótó. Ìkìlọ̀ tí a kọ ní èdè tí olùrà kò gbọ́ dà bí ẹni tí kò kìlọ̀ rárá. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti èdè Jàpáánù kò ṣọ̀wọ́n nínú ìwé ìlò. Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò ni ó ṣọ̀wọ́n. Kí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ má ṣe sọ pé owó kò sí. Owó tí wọ́n fi ran àpò àrán tó láti bẹ olùtúmọ̀ lọ́wẹ̀.

Títí di ìgbà náà, iṣẹ́ ń bẹ fún olùkọ́. Ọmọ tí ó lè ka ewì tí kò lè ka ohun tí a kọ sí ìdí ẹ̀rọ, ìdajì ìwé ni ó mọ̀. Olùkọ́ tí ó bá gbé ádápítọ̀ kan wọ kíláàsì, tí ó ní kí àwọn ọmọ ka iye fólítì tí ó ń gbà àti èyí tí ó ń fúnni, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní èdè abínibí wọn, ti kọ́ wọn ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì àti ní èdè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní í jẹ́ kí àpótí dídán tan àwọn jẹ nígbà tí wọ́n bá dàgbà dé ọjà.

Páálí kì í kọrin. Bí ó bá ti lè sọ òótọ́, ó ti ṣe tirẹ̀.