Abẹ́rẹ́ Orúnkún: Kí Ìyá Elélùbọ́ Tó Kówó Àjọ Sílẹ̀

Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Bó bá fẹ́ dìde lórí àpótí, àfi kó kọ́kọ́ di òpó ìsọ̀ mú, kó pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó lè nàró. Orúnkún ọ̀tún ló ń dùn ún. Láàárọ̀, á le gan-an bí igi. Bó bá rìn díẹ̀, á rọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wú. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti jọ ń fà á.

Àwọn kan lọ́jà ní làkúrègbé ni. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Oníkẹ́mísìtì tó wà ní oríta ò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn ní tiẹ̀: abẹ́rẹ́ ló ń gún un fún ìyá náà ní ìdí, lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ọjọ́ tó bá gba abẹ́rẹ́ yìí, ara á yá a bí ọmọ ogún ọdún, á jẹun àjẹyó, á máa wọ́ àpò èlùbọ́ kiri fúnra rẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ìrora á ti padà dé. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí rìbìtì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i pé ara ti ń gbà á, pé owó ti dé. Ìyá Elélùbọ́ á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ lóru, ó sì ń dìde tọ̀ lemọ́lemọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyá aláṣọ kan, fi gbé ìròyìn dé. Ó ní òun gba abẹ́rẹ́ jẹ́ẹ̀lì sí orúnkún l'Ékòó, ọ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun sì ti ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báyìí láìdi nǹkan mú.

"Lọ kó owó àjọ rẹ, jàre," ló wí. "Ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣahun sí."

Ìparí oṣù ni àjọ ọ̀hún máa kàn án. Owó tó fẹ́ fi ra ọjà wá láti Ṣakí ni. Tó bá kó o fún dókítà, ìsọ̀ á ṣófo. Tí ò bá sì kó o sílẹ̀, ta ni yóò máa dìde dá ọjà lóhùn? Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ò fi sùn dáadáa.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ló dá a dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ká tó máa da ọ́ìlì sí i." Ló bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Dókítà tẹ orúnkún náà wò, ó ní kí wọ́n ya àwòrán eegun rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí àwòrán dé, ó fi han ìyá náà. Ó ní níbi tí eegun ti pàdé eegun ní orúnkún, nǹkan kan tó ń yọ̀ bò wọ́n lórí, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní bísíkíìtì. Òun ni kì í jẹ́ kí eegun ha eegun. Omi kan tó ń fà díẹ̀ tún wà láàárín wọn, bí ọ́ìlì. Ọjọ́ orí, ìsanra, ìfarapa àtijọ́, iṣẹ́ tí à ń kúnlẹ̀ ṣe àti ẹrù wíwúwo wà lára ohun tó ń jẹ́ kí bísíkíìtì yìí máa jẹ. Osteoarthritis ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Kì í ṣe ayé ló ṣe é.

"Ẹ wá fún mi ní abẹ́rẹ́ jẹ́ẹ̀lì yẹn, Dókítà."

"Ẹ ní sùúrù, Mà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú orúnkún ju ẹyọ kan lọ, kò sì sí èyí tí a tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń mú bísíkíìtì tó ti jẹ hù padà nínú wọn."

Ó ní èkíní ni sitẹ́rọ́ọ̀dù. Ó ti pẹ́: láti ọdún 1951 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Joseph Hollander, ti kọ̀wé jáde lórí bó ṣe ń gún un sínú oríkèé. Ó máa ń pa ìwúlé, ìrora á dínkù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun àgúntúngún. Ó kéré tán, oṣù mẹ́ta ló yẹ kó wà láàárín méjì, kó má sì ju mẹ́rin lọ lọ́dún. Ní ọdún 2017, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ jáde lórí 140 èèyàn. Wọ́n gún àwọn kan ní sitẹ́rọ́ọ̀dù lóṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún méjì, wọ́n gún àwọn yòókù ní omi oníyọ̀ lásán. Nígbà tó parí, ìrora àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, bísíkíìtì àwọn onísitẹ́rọ́ọ̀dù ló tún jẹ jù.

Èkejì ni jẹ́ẹ̀lì. Hyaluronic acid lorúkọ rẹ̀, ó sì wà nínú omi orúnkún fúnra rẹ̀. Karl Meyer àti John Palmer ló kọ́kọ́ rí i ní New York lọ́dún 1934, nínú ojú màlúù. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde lára ogbe àkùkọ.

Ìyá Elélùbọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ogbe àkùkọ kẹ̀? Èyí tí à ń gé dànù!"

"Òun náà ni, Mà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí adìẹ tàbí ẹyin kì í bá lára mu fi gbọ́dọ̀ tètè sọ fún dókítà."

Ọdún 1997 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún orúnkún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, àwọn oníwádìí kó àbọ̀ ìwádìí 169 jọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìrọ̀rùn tí jẹ́ẹ̀lì fi ju abẹ́rẹ́ òfìfo lọ kéré débi pé ọ̀pọ̀ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Lọ́dún yẹn kan náà, NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà ní England, ní kí wọ́n má fi lọ aláìsàn mọ́. Àwọn dókítà kan ṣì ń gún un, owó rẹ̀ sì wọ́n.

"Irọ́ lọ̀rẹ́ mi wá ń pa fún mi ni?"

"Kò parọ́, Mà. Ìrora orúnkún máa ń lọ, á tún máa bọ̀. Omi oníyọ̀ lásán pàápàá, ọ̀pọ̀ tí wọ́n gún un fún ló ní ara tu àwọn."

Ẹ̀kẹta ni abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara ẹni. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ lápá èèyàn, ẹ̀rọ á fi í yí gbirigbiri, wọ́n á mú apá kan nínú rẹ̀, wọ́n á gún un sí orúnkún. Ní ọdún 2021, wọ́n dán an wò lára 288 èèyàn ní Australia. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sàn ju omi oníyọ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni èsì ẹ̀jẹ̀ dé. Ṣúgà ti gòkè kọjá ààlà. Dókítà wo ojú ìyá náà, ó bi í bóyá ó ń gba abẹ́rẹ́ níbòmíràn. Ìyá Elélùbọ́ wolẹ̀, ó sì jẹ́wọ́.

Dókítà ní ó jọ pé sitẹ́rọ́ọ̀dù ló ń gbà. Èyí tí wọ́n bá ń gún sí ìdí léraléra, gbogbo ara ló ń bá lọ: ó ń mú ojú wú, ó ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá sì lọ bá iṣan ńlá tó gba ìdí kọjá, ẹsẹ̀ lè rọ. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ já a lójijì. Dókítà ló máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé ti inú orúnkún náà lè gbé ṣúgà sókè fún ọjọ́ mélòó kan, ó lóun ò ní gún un ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Inú bí ìyá. "Kí ni mo wá wá ṣe níbí? Ọ̀rọ̀ lásán ni mo fẹ́ gbé lọ sílé?"

Àbúrò rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. Dókítà fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní eré ìmárale fún eegun àti iṣan. Ó ní ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2020 fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn lára 156 èèyàn: nígbà tó pé ọdún kan, àwọn tí wọ́n kọ́ ní eré ìmárale sàn ju àwọn tó gba abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ọ̀dù lọ.

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ kò ju ohun tó ṣeé ṣe ní ìsọ̀ lọ. Kó jókòó, kó na ẹsẹ̀ kan gbọnrangandan, kó ka márùn-ún, kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó tún ṣe èkejì. Kó máa dìde lórí àga, kó tún jókòó, nígbà mẹ́wàá. Kó ju àpótí kúkurú sílẹ̀, kó ra àga gíga. Ọ̀pá ìtilẹ̀, ọwọ́ òsì ni kó fi mú un, nítorí pé orúnkún ọ̀tún ló ń dùn ún. Wọ́n fún un ní ìpara ìrora, wọ́n sì ní kó dín ara kù: ìwádìí ọdún 2005 fi hàn pé kílò kan téèyàn bá dín kù, bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Owó àjọ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì gba Ṣakí lọ.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ le. Abẹ́rẹ́ oníkẹ́mísìtì ti ń lọ sílẹ̀, ara ń ro ó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí oríta lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kẹrin, ojú rẹ̀ ti ń padà sí bó ṣe wà, ṣúgà ti wálẹ̀, ó sì ń dìde láìdi òpó mú. Orúnkún ò tíì yé dùn ún tán. Tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó ṣì ń sọ fún un. Dókítà ní tó bá tún wú gan-an, òun lè gún sitẹ́rọ́ọ̀dù ẹyọ kan sínú rẹ̀. Tó bá sì jẹ tán pátápátá, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ orúnkún wà. Ìyá aláṣọ ní tòun ṣì dára. Wọn ò bá ara wọn jà.

Ẹni tó bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́ orúnkún, kó kọ́kọ́ béèrè nǹkan mẹ́rin: kí lorúkọ oògùn náà, ta ló máa gún un, ìgbà mélòó lọ́dún, àti pé báwo ni ṣúgà òun ṣe wà. Tí orúnkún bá gbóná, tó wú lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tí ibà sì dé, kó má sun ọjọ́ náà mọ́lé. Kòkòrò lè ti wọ inú oríkèé.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyá Elélùbọ́ wà ní Bódìjà lórí àga gíga, ó ń na ẹsẹ̀, ó ń ka márùn-ún, oníbàárà sì ń dúró dè é kó kà á tán.