A Kì Í Ṣe Elégbè ní Ilé Baba Ẹni

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò rọrùn fún mi láti sọ, nítorí pé èmi gan-an wà lára àwọn tí yóò bá wí. Ní ìpàdé tí ẹgbẹ́ wa ṣe kẹ́yìn kí a tó lọ fún ìsinmi gígùn, a jíròrò lórí eré tí a óò ṣe ní ọjọ́ ọdún ẹgbẹ́. Àwọn kan ní kí a ṣe é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì máa fi orin Yorùbá bọ̀ ọ́ lágbedeméjì kí ó lè dùn. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n mú wá. Wọ́n ní àwọn àlejò tí kì í ṣe Yorùbá pọ̀ láàárín wa. Wọ́n ní àwọn ọmọdé tí òbí wọn yóò kó wá kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Wọ́n sì ní eré tí ènìyàn kò bá gbọ́, owó kì í wọlé fún un. Nígbà tí alága ní kí ẹni tí ó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè, mo nawọ́. Èmi tí mo ń kọ́ ìmọ̀ èdè! Lónìí, mo fẹ́ gbé ọwọ́ náà wálẹ̀ ní gbangba.

Ohun tí ó là mí lójú ni eré kan tí mo wò ní Lọ́ńdọ̀nù ní àkókò ìsinmi náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé pẹ̀lú ìyàwó wọn àti ọmọbìnrin wọn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ẹ̀gbọ́n mi ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì lọ sí ilé eré Lyceum láti wo The Lion King. Sinimá kàtúùnù ni ìtàn náà jẹ́ tẹ́lẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Disney gbé jáde ní ọdún 1994. Ní 1997 ni wọ́n sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà. Ní 1999 ni ó dé Lyceum, ibẹ̀ náà ni ó sì wà títí di òní, yàtọ̀ sí ìgbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ilé eré pa. Ìtàn ọmọ ọba ni. Kìnnìún kan tí ń jẹ́ Mufasa jọba lórí àwọn ẹranko. Scar, àbúrò rẹ̀, dìtẹ̀ pa á, ó sì dẹ́rù ba Simba ọmọ ọba títí ó fi sá lọ sí igbó àjèjì, níbi tí ó ti gbàgbé ẹni tí ó bí i.

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ bu eré náà. Ẹni tí ó bá rí ohun tí ó dára tí kò yìn ín, ahun ni. Bí eré ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin tí ó ṣe Rafiki ké gbe orin ní èdè Zulu, àwọn elégbè sì dá a lóhùn láti apá ọ̀tún àti apá òsì. Oòrùn yọ lórí ìtàgé. Erin ńlá kan gba àárín àwa òǹwòran kọjá. Àwọn àgùnfọn ń rìn lórí igi bí eléré àgéré. Ìbòjú àwọn kìnnìún kò bo ojú òṣèré rárá. Orí ni wọ́n gbé e kà bí ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ènìyàn fi ń rí ẹranko tí ó sì tún ń rí ọmọ ènìyàn lábẹ́ rẹ̀. Ara mi bù máṣọ.

Síbẹ̀, kò yẹ kí irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní ọdún 1826, nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin mú kí àwọn òṣèré wá ṣeré fún un. Ó rí àwọn tí ń jó nínú àpò. Ó rí erè ńlá tí ó jáde, tí ó ń yọ ahọ́n. Ó sì rí òyìnbó kan tí àwọn òṣèré fi ara wọn ṣe, tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín lójú òyìnbó fúnra rẹ̀. A ti ń sọ ènìyàn di ẹranko lójú agbo kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń jẹ́ kàtúùnù.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ èdè. Lebo M, ọmọ Soweto tí ó di ìsáǹsá ní òkè òkun nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ni ó fi ohùn àti èdè ilẹ̀ rẹ̀ sínú orin náà. Zulu wà níbẹ̀, Xhosa wà níbẹ̀, Sotho àti Tswana àti Swahili wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Èmi kò gbọ́ Zulu. Bàbá òyìnbó tí ó jókòó tì mí kò gbọ́ ọ. Ṣé ó dìde pé kí wọ́n dá owó òun padà? Omi ni ó ń nù lójú. Eré yìí kan náà ni ó gba ẹ̀bùn Tony mẹ́fà ní Amẹ́ríkà ní 1998. Níbo wá ni ìdí kẹta tí àwọn ará wa mú wá dà?

Ìdí kejì ńkọ́, ti àwọn ọmọdé? Kí a tó dé ibi tí a ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ ègbè Zulu náà. Ó ń kọ ọ́ lójú ọ̀nà, ó kọ ọ́ nínú ọkọ̀, ó kọ ọ́ wọ ilé. Ọmọ tí wọ́n ti sọ fún mi pé Yorùbá le jù fún ahọ́n rẹ̀ ni o! Ọmọ tí ìyá wa ní Ìṣẹ́yìn máa ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí kò lè sọ "ẹ káàárọ̀, mà" kí ó tó sá lọ! Nígbà tí a jókòó nínú ọkọ̀, ó fà mí láṣọ, ó ní, "Ọ́ńkù, ṣé èdè yín ni wọ́n fi ń kọrin yẹn?"

Èdè yín. Kò sọ pé èdè wa.

Mo ní rárá, pé ti àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ni. Ó ní, "Kí ló dé tí tiyín kò sí níbẹ̀?" Mo wo ojú fèrèsé. N kò rí èsì fọ̀. Ẹni tí ó nawọ́ sókè pé kí a má fi Yorùbá ṣeré ní ilé Yorùbá, ẹnu wo ni yóò fi béèrè pé kí ni kò jẹ́ kí Yorùbá wà ní Lyceum?

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwa náà sọ nìyẹn: kí ọ̀rọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí orin jẹ́ ti ìbílẹ̀, bí wọ́n ti ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù." Ibí gan-an ni ìjà mi wà. Ẹ fara balẹ̀ wo eré náà dáadáa. Zulu ni ó kọ́kọ́ lé orin lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ gidi, Gẹ̀ẹ́sì gba ẹnu. Nígbà tí ọba ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí a ti ń ṣàkóso ilẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Nígbà tí Scar ń dìtẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Nígbà tí ẹ̀mí baba bá ọmọ wí pé ó ti gbàgbé ara rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ti ìbímọ, ti ijó àti ti ẹkún ni wọ́n fi sílẹ̀ fún èdè Áfíríkà. Nígbà tí Rafiki pàápàá fi èdè tirẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀, ńṣe ni àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì ń lé, Áfíríkà ń gbè.

N kò bá àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù wí. Ilé wọn ni. Onílé ni í lé orin nínú ilé rẹ̀. Àwọn tí ó ni Zulu pàápàá ní ilé tiwọn, nítorí pé a túmọ̀ sinimá náà sí Zulu fún wọn, tí ọba fi ń bá ọmọ rẹ̀ wí ní Zulu láìsí pé ahọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwa, ní ilé baba wa, a fẹ́ fi ọwọ́ ara wa gbé àga fún àlejò, kí a sì lọ tò sẹ́yìn láti máa gbè. Èdè tí a kò fi bá ọmọ wí mọ́, tí a kò fi jiyàn, tí a kò fi dájọ́, tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ìlù bá dún nìkan ni à ń rántí rẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Bí àríyá bá tán, a ó bọ́ ọ sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tàn wá pé ọlá ni bí àjèjì bá ń kọ orin wa. Ní 1939, Solomon Linda, ọmọ Zulu, kọ orin kan tí ó pè ní Mbube, ìyẹn kìnnìún, ní Johannesburg. Ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ orin náà di The Lion Sleeps Tonight, ó yí ayé ká, ó sì wọ inú sinimá The Lion King yìí. Linda kú nínú òṣì ní 1962. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti lọ sí kóòtù kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú wọn ní 1906 ó lé ọgọ́rùn-ún ọdún, ìyẹn 2006. Gbogbo ayé ń kọ ègbè, ebi ń pa ẹni tí ó lé e.

Ó ku ìdí kan, ti àwọn àlejò. Mo bọ̀wọ̀ fún àlejò. Ṣùgbọ́n Dúró Ládiípọ̀ tí ó gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní 1963 kò sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó gbé e lọ sí Berlin ní 1964, àti sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Yorùbá ni Ṣàngó fi bínú níwájú àwọn ará Jámánì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Bí ará Berlin bá lè jókòó gbọ́ Yorùbá, kí ni yóò ṣe ọmọ Ìgbò tàbí ọmọ Ẹdó tí ó ń gbé yàrá kan náà pẹ̀lú wa, tí ó sì ti ń gbọ́ èébú wa láti ọdún mẹ́ta?

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kí a pe ìpàdé mìíràn, kí a sì yí ìpinnu náà padà. Kí ọ̀rọ̀ eré wa jẹ́ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ọba, tí ọlọ̀tẹ̀, tí adájọ́. Kí a tẹ ìtàn náà ní ṣókí ní Gẹ̀ẹ́sì sórí ìwé kan ṣoṣo fún àwọn àlejò. Kí a sì pe àwọn ọmọdé wọlé ní ìdajì wákàtí ṣáájú àwọn àgbà, kí a kọ́ wọn ní ègbè, kí àwọn náà lè gbè é láti orí ìjókòó wọn. Ẹ ó rí i bí yóò ti rọrùn fún ahọ́n wọn.

Kí ẹ̀gbọ́n mi má bínú sí ohun tí mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí Simba rí ojú baba rẹ̀ nínú omi, mo yíjú, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún. Wọ́n ń sunkún nítorí ọmọ kìnnìún tí kò mọ ilé baba rẹ̀ mọ́. Ọmọ tiwọn sì wà lórí ẹsẹ̀ wọn, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí ni ó ń pa bàbá òun lẹ́kún.