"BỌ́Ọ̀LÙ NI BỌ́Ọ̀LÙ" — IRỌ́ NI O!

Gbólóhùn kan wà tó ti sú mi láti máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń darí eré ìdárayá láàárín wa. Gbólóhùn náà ni pé "bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù." Ọmọ kékeré ní bọ́ọ̀lù yìí wúwo fún òun, wọ́n á ní bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin ní ọwọ́ òun kò ká a, wọ́n á ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá kì í wáwìí. Mo wá ń kọ ọ́ síbí lónìí, kí gbogbo ènìyàn rí i kà, pé irọ́ ni. Kì í sì í ṣe irọ́ kékeré. Irọ́ tó ń lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò lórí pápá ni.

Kí ẹ tó ní ìwé ti yí mi lórí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ibì kan tí ẹ kò rò: pápá gọ́ọ̀fù.

Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Kí ló kan ọmọ Ìkálẹ̀ tó ń jẹ púpurù kan gọ́ọ̀fù? Ẹ fara balẹ̀ ná. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí ní pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18, Smokin Hills, ní Ìlárá-Mọ̀kín. Ní Èkó, láti 1938 ni Ikoyi Club ti wà. Eré olówó ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo bí olówó ṣe ń yan bọ́ọ̀lù rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

Òfin gọ́ọ̀fù ní bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, àárín rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí mìlímítà 42.67. Bí ẹ bá kó ogún rẹ̀ síwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ojú kan náà ni yóò fi wo gbogbo wọn: funfun roboto, kòtò wẹ́wẹ́ lára. Òun náà á ní bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá là wọ́n sí méjì, ẹ ó rí i pé òmíràn jẹ́ ìpele méjì, òmíràn mẹ́ta, òmíràn mẹ́rin. Èèpo òmíràn le, ó ń sáré, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Èèpo òmíràn rọ̀, ó ń yí bírí nínú afẹ́fẹ́, bó bá balẹ̀ létí ihò, á dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

Nítorí náà, ní ìlú òyìnbó, bí télọ̀ ṣe ń wọn ènìyàn fún ṣòkòtò ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n fún bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Ẹ̀rọ á máa wo bí ọwọ́ rẹ ṣe yá tó, bí bọ́ọ̀lù ṣe ga tó, bó ṣe ń yí tó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ fẹnu kò. Àwọn kan ní kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbá ńlá tó ń lọ jìnnà. Àwọn kan ní rárá, ẹ̀gbẹ́ ihò ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìgbá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń jà tó, ohun kan wà tí kò sí ìjà lórí rẹ̀: ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ̀n, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bọ́ọ̀lù tó bá a mu. Kò sí ẹni tó ń kọ́kọ́ ra bọ́ọ̀lù kó tó máa wá ènìyàn tí yóò bá a mu.

Tiger Woods fúnra rẹ̀, nínú oṣù May ọdún 2000, ó fi irú bọ́ọ̀lù àtijọ́ tí wọ́n fi okùn rọ́bà wé nínú sílẹ̀, ó bọ́ sórí èyí tí inú rẹ̀ le dan-indan-in. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gba US Open ní Pebble Beach, ìgbá 15 ló fi ju ẹni kejì lọ. Mi ò sọ pé bọ́ọ̀lù ló gba ife fún un o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù láyé nígbà náà kò sọ pé bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù. Àwa tí a kò mọ̀ ọ́n gbá la ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀run ni ìwọ̀n bọ́ọ̀lù ti já bọ́, kó gbọ́ èyí: fún ọ̀pọ̀ ọdún, bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ínṣì 1.62 ni tọ̀hún, ínṣì 1.68 ni tibí. Ọdún 1990 ni èyí tó kéré tó kúrò nínú òfin pátápátá. Ènìyàn ló jókòó tó fi í síbẹ̀, ènìyàn náà ló yí i padà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Àgbàlagbà tó ti lówó tán, tó kàn fẹ́ najú lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n ń wá bọ́ọ̀lù tó bá a mu. Ọmọ ọdún 8 ní Ìkọ̀yà tàbí Òde-Ayé, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbó, bọ́ọ̀lù bàbá rẹ̀ là ń gbé fún un. Ta ló yẹ kí á wọ̀n nínú àwọn méjèèjì?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí básíkẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ ló ti ń dùn mí jù. Ilé ìwé girama kan wà tí n kò ní dárúkọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wọn, mo ń wo àwọn ọmọbìnrin. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù láti ìbàdí bí ẹni tó ń gbé garawa omi, wọ́n á fi gbogbo ara jù ú, kò ní dé ibi àwọ̀n. Tíṣà tó ń kọ́ wọn wá ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọwọ́ ìdáná lẹ ní, ẹ padà sí kíṣìnì." Mo gbé bọ́ọ̀lù náà, mo yí i, mo ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Nọ́ńbà 7 ni.

Ẹ̀yin ará, nọ́ńbà 7 kì í ṣe bọ́ọ̀lù obìnrin! Ọkùnrin àgbà ló wà fún: ínṣì 29½ ni yíká rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ tó áwúǹsì 22. Ti obìnrin ni nọ́ńbà 6: ínṣì 28½, áwúǹsì 20. Àwọn obìnrin yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń lo èyí tó kéré yìí láti 1984. WNBA lò ó láti ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1997. FIBA, àjọ tó ń darí básíkẹ́ẹ̀tì gbogbo àgbáyé, gbà á fún obìnrin lọ́dún 2004. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: 2004! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti dàgbà tó ẹni tó ń jáde yunifásítì, tíṣà wa kò tíì ka nọ́ńbà ara bọ́ọ̀lù.

Ínṣì kan péré, àbí? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wọ bàtà, ẹ lọ wọ bàtà tó fi ínṣì kan jù yín lọ, kí ẹ wá sáré fún mi.

Mo sì ti mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ: pé bọ́ọ̀lù kékeré, ìgẹ̀ obìnrin ni, ó ń sọ wọ́n di ọ̀lẹ. Ṣé D'Tigress ni ọ̀lẹ? Àwọn ọmọbìnrin wa wọ̀nyẹn gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, márùn-ún léra wọn. Ní Paris lọ́dún 2024, wọ́n na Australia, wọ́n na Kánádà, wọ́n sì di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú básíkẹ́ẹ̀tì Òlíńpíìkì. Nọ́ńbà 6 ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sí kíṣìnì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tíṣà yìí kan náà mọ òtítọ́. Bí ọjọ́ eré ìdárayá ilé sí ilé bá dé, ṣé irin tí ọkùnrin ń sọ ni wọ́n ń gbé fún obìnrin? Rárá o. Ti ọkùnrin àgbà jẹ́ kílò 7.26, ti obìnrin jẹ́ kílò 4. Ọ̀kọ̀ tí ọkùnrin ń jù jẹ́ gíráàmù 800, ti obìnrin jẹ́ 600. Kò sí ẹni tó ń jiyàn lórí ìyẹn. Hándíbọ́ọ̀lù náà ní tirẹ̀: nọ́ńbà 3 fún ọkùnrin, nọ́ńbà 2 fún obìnrin, nọ́ńbà 1 fún àwọn ọmọdé. Kí ló wá dé tí òye fi ń tán nígbà tí a bá dé orí básíkẹ́ẹ̀tì?

Kí ẹnikẹ́ni má sì yí ọ̀rọ̀ mi po. Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan obìnrin gbọ́dọ̀ kéré. Nọ́ńbà 5 tí Super Eagles ń gbá náà ni Super Falcons ń gbá, wọ́n sì ń gbá a dé Ife Àgbáyé. Ìwọ̀n ni mo ń bèèrè, kì í ṣe ojú àánú.

Ó kan bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Nọ́ńbà 5 yíká sẹ̀ǹtímítà 68 sí 70, ó wúwo ní gíráàmù 410 sí 450. Fún ọmọ bí ọdún 8 sí 12, nọ́ńbà 4 ló yẹ. Fún àwọn tó kéré sí wọn, nọ́ńbà 3. Ìwé òfin bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ fàyè gba kí á yí ìwọ̀n bọ́ọ̀lù padà fún ọmọdé. Àwa ńkọ́? Nọ́ńbà 5 là ń jù fún pírámárì 3. Ẹ sì mọ òjò Òkìtìpupa. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n rán, tí ojú rírán rẹ̀ ti là, omi ló ń mu. Kó tó di ìdajì eré, ó ti wúwo ju ti àgbàlagbà pàápàá lọ. Ọmọ á wá fi orí kàn án, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, a ó ní kò ní ọkàn ọkùnrin.

Ẹlòmíràn á dìde: "Ṣebí felele la fi kọ́ bọ́ọ̀lù ní àdúgbò! Ta ló wọ̀n wá nígbà náà?" Ó ṣeun, ọ̀rẹ́, o ti gbèjà mi. Felele kéré, ó fúyẹ́, ó bá ẹsẹ̀ ọmọdé mu. Ojú pópó tí kò sí tíṣà kankan níbẹ̀ fún ọmọdé ní bọ́ọ̀lù tó tọ́ sí i. Ìgbà tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, tó dé abẹ́ àṣẹ àgbà, ni wọ́n gbé èyí tí kò bá a mu fún un. Ẹni tí felele kọ́ ní ẹ̀tàn ẹsẹ̀, ìwọ̀n ló kọ́ ọ. Kó má wá fi felele jẹ́rìí sí àìwọ̀n.

Àwọn kan á ní kò sí owó. Haba! Ta ló bèèrè owó tuntun? Ẹ̀ ń ra bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún dé ọjà, kí ẹ tó sanwó, ẹ yí bọ́ọ̀lù náà kí ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Kíkà kò gbowó.

Àwọn kan á ní ìyà ló ń sọ ọmọ di akin. Ẹ bi ìyá yín léèrè. Nígbà tó ń fún yín ní púpurù ní kékeré, ṣé òkèlè bàbá yín ló ń bù fún yín? Ó mọ̀ pé òkèlè tó bá ju ọ̀nà ọ̀fun ọmọ lọ kì í sọ ọmọ di akin, ńṣe ló ń fún un lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpurù kan náà ni, inú abọ́ kan náà ló ti wá. Bó bá ṣe ń dàgbà, òkèlè ń dàgbà.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an rè é. Bọ́ọ̀lù tí kò bá ọmọ mu kì í kàn án lẹ́sẹ̀ lásán, àṣàkaṣà ló ń kọ́ ọ. Ọmọbìnrin tó ń ju bọ́ọ̀lù láti ìbàdí fún ọdún mẹ́ta, bí ẹ bá gbé nọ́ńbà 6 fún un lọ́la, ìbàdí náà ni yóò ti jù ú. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń yan ikọ̀ á dé, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní kò ní ẹ̀bùn. A fi bọ́ọ̀lù lé e kúrò, a wá ń sọ pé Ọlọ́run ni kò fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo ní ohun mẹ́ta láti bèèrè lọ́wọ́ yín. Ìkínní, ẹ̀yin tí a dìbò yàn sípò eré ìdárayá, ẹ ka nọ́ńbà ara gbogbo bọ́ọ̀lù tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ojú pátákó kí gbogbo wa rí i. Ìkejì, ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá gbé nọ́ńbà 7 fún yín, ẹ dá a padà. Ẹ má bẹ̀bẹ̀. Ẹ ní òfin ti gbà fún wa láti 2004. Ìkẹta, ẹ̀yin tó ń lọ ṣe agùnbánirọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n máa pín sí ilé ìwé, ẹ ra téépù télọ̀ kan sínú àpò yín. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù jáde, ẹ wọ̀n ọ́n yíká. Bó bá tó sẹ̀ǹtímítà 68, tí àwọn tó fẹ́ gbá a kò sì ju èjìká yín lọ, ẹ dá eré dúró.

Wọ́n á bínú sí yín, wọ́n á ní bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù. Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n lè gbé irin kílò 7.26 fún ọmọbìnrin yín. Bí wọn kò bá fèsì, ẹ máa bá ìwọ̀n yín lọ.